Ìgbín Tó Ń Tan Iná Nínú Ìlú Tí Ogun Kó

Bóyá inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lẹ ti ń gbọ́ wa o, bóyá orí ibùsùn lẹ wà tí ẹ ń kà á lórí fóònù, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbín la fẹ́ sọ lónìí, a ò sì lè sáré sọ̀rọ̀ ìgbín.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, a máa ń lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó. Tí òjò bá ti rọ̀ nírọ̀lẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n wa á mú tọ́ọ̀ṣì, ó di inú oko kòkó, a lọ ṣa ìgbín. Èmi ni mo kéré jù, torí náà èmi ni mo máa ń gbé korobá. Ẹni tó mú tọ́ọ̀ṣì ni ọ̀gá. Ibi tó bá tàn án sí ni gbogbo ojú máa lọ: ìdí igi, abẹ́ ewé tó ti ń jẹrà, ẹ̀gbẹ́ òkúta. Ìgbín á kàn wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́, á máa dán nínú iná yẹn bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ kó wà.

Kò sígbà kan tó wá sí ẹnikẹ́ni nínú wa lọ́kàn pé ká pa tọ́ọ̀ṣì yẹn. Kí la fẹ́ pa á fún? Ejò wà nínú oko. Tí a bá tiẹ̀ pa á, kò sí nǹkan tí a máa rí, torí ìgbín tiwa kì í tan iná. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ka ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí ni mo ti ń rò ó: ẹni tó bá ń fi tọ́ọ̀ṣì wá ìgbín, kò sí bó ṣe máa mọ̀ bí ìgbín náà bá ní iná tirẹ̀.

Torí irú ìgbín bẹ́ẹ̀ wà. Ní Singapore àti Malaysia, ìgbín kan wà tó ń gbé iná tirẹ̀ kiri. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ni Quantula striata. Nínú àwọn ìwé àtijọ́, Dyakia striata lẹ máa rí. Ẹ má fojú ìgbín ńlá tí wọ́n ń tò sórí páànù ní Mile 12 wò ó o. Ìkarahun rẹ̀ kò fẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, ó pẹlẹbẹ díẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ ló ní. Tí ẹ bá rí i lọ́sàn-án, ẹ ò ní yà á ní fọ́tò. Kì í sì í ṣe inú igbó kìjikìji nìkan ló ń gbé. Inú ọgbà ilé, inú páàkì, ibi tí koríko wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó wà níbẹ̀, nínú ọ̀kan lára àwọn ìlú tí èrò kún jù láyé.

Lábẹ́ ẹnu rẹ̀, níwájú ibi tó fi ń wọ́ nílẹ̀, ẹ̀yà ara bíńtín kan wà tó ń mú ìmọ́lẹ̀ jáde, àwọ̀ ewé tó ní ìyeyè díẹ̀ nínú. Kì í tàn gbọnrangandan bíi gílóòbù. Ó ń ṣẹ́jú ni. Á tàn, á kú, á tún tàn, pàápàá nígbà tó bá ń rìn. Ìmọ́lẹ̀ náà kò gbóná rárá, bíi ti tanátaná tí a máa ń lé kiri nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ẹyin tó bá yé pàápàá máa ń tàn nínú òkùnkùn. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn ọmọ ìgbín ló ń tàn jù. Bí wọ́n bá ṣe ń dàgbà ni iná náà ń dín kù. Tí ìgbín náà bá fi máa dàgbà tó ẹni tó ń bímọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni iná ti kú pátá.

Nínú òkun, ẹ̀dá tó ń tan iná kò ṣọ̀wọ́n. Ẹja wà, ẹ̀dá rọ́bọ́tọ́ tó dà bí ọ̀rá wà, àwọn kan kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn dáadáa. Lórí ilẹ̀, a ní tanátaná, a ní àwọn olú kan àti àwọn kòkòrò mélòó kan. Nínú omi odò ní New Zealand, ìgbín kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Latia tí òun náà ń tàn. Ṣùgbọ́n ìgbín orí ilẹ̀? Fún ọgọ́rin ọdún gbáko, ẹyọ kan ṣoṣo ni gbogbo ayé mọ̀, òun náà sì ni ti Singapore yìí.

Ọ̀rọ̀ "mọ̀" tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lò yẹn ni mo fẹ́ ká tú wò. Ta ló mọ̀? Ìgbà wo ló mọ̀ ọ́n?

Ọdún 1834 ni John Edward Gray, òyìnbó ará Ìlú Ọba tó ń ṣiṣẹ́ ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ nípa ìgbín yìí tó sì sọ ọ́ lórúkọ. "Striata" yẹn túmọ̀ sí pé ó ní ìlà lára, ìyẹn àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó wà lórí ìkarahun rẹ̀. Ẹ wo bí orúkọ náà ṣe lọ: ìlà ni wọ́n rí, ìlà ni wọ́n fi pè é. Kò sí nǹkan kan nínú orúkọ yẹn tó dárúkọ iná. Báwo ló ṣe fẹ́ wà níbẹ̀? Nígbà yẹn, ìkarahun ni àwọn èèyàn ń kó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹran inú rẹ̀ ti jẹrà tàbí kí wọ́n ti sè é yọ. Ìkarahun á dé sórí tábìlì, wọ́n á fi rúlà wọ̀n ọ́n, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á fi pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Ìkarahun kì í tan iná.

Láti 1834 títí di 1943, àádọ́fà ọdún ó dín ọ̀kan, ìgbín yìí ní orúkọ, ó ní ojú ìwé tirẹ̀, kò sì sí ibì kan nínú ìwé wọn tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ó ń tàn. Bẹ́ẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Singapore kì í ṣe aláìmọ̀wé. Wọ́n ní ọgbà ewéko ńlá. Wọ́n ní Raffles Museum, ilé ńlá olórùlé roboto tó wà ní Stamford Road láti 1887. Ẹyẹ gbígbẹ, awọ ejò, kòkòrò tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún mọ́ pákó, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní alẹ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á relé. Níta lórí koríko, ìgbín á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

Ibí ni ogun ti wọ inú ìtàn yìí.

Ní oṣù Kejìlá 1941, Japan bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù sí Singapore. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fọ́nnu fún ọ̀pọ̀ ọdún pé odi agbára ni erékùṣù náà, pé kò sẹ́ni tó lè wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ ogun Japan gba orí ilẹ̀ Malaya sọ̀ kalẹ̀, kò sì pé oṣù méjì àbọ̀ tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì 1942, ọ̀gágun Percival túúbá fún ọ̀gágun Yamashita nínú ilé iṣẹ́ mọ́tò Ford ní Bukit Timah. Nǹkan bí 80,000 ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló di ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ̀rù tí òyìnbó fi ń ba àwọn tó ń ṣàkóso bẹ̀rẹ̀ sí í já láti ọjọ́ yẹn, kì í ṣe ní Éṣíà nìkan.

Àwọn tó ṣẹ́gun yí orúkọ ìlú padà. Wọ́n pè é ní Syonan-to. Ìtumọ̀ tí wọ́n sábà máa ń fún un ni "Ìmọ́lẹ̀ Gúúsù". Èmi kọ́ ni mo ṣètò ẹ̀fẹ̀ yẹn o.

Ohun tí ìmọ́lẹ̀ yẹn kọ́kọ́ ṣe nìyí. Láti ọjọ́ 18 oṣù Kejì, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí wọ́n gba ìlú, wọ́n pàṣẹ pé kí àwọn ọkùnrin Ṣáínà láti ọmọ ọdún 18 sí 50 jáde wá sí àwọn ibi tí wọ́n ti yàn fún àyẹ̀wò. Àwọn kan gba òǹtẹ̀, wọ́n padà sílé. Àwọn yòókù wọ ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n kó wọn lọ sí etíkun, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Sook Ching ni wọ́n ń pè é. Ohun tí Japan gbà lẹ́yìn ogun ni pé àwọn tó kú tó 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Àwọn ará Singapore ní iye wọn lè tó 50,000. Ẹ jẹ́ kí iye yẹn wà lọ́kàn yín bí a ṣe ń padà sọ́dọ̀ ìgbín, torí ìlú kan náà ni, ojú ọ̀run kan náà, kò tó ọdún méjì láàárín wọn.

Àwọn tó bá sì ń rò pé ogun yìí jìnnà sí wa, ọ̀nà kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1943 kan náà, ọkọ̀ ojú omi ń kó àwọn ọmọ ogun láti Nàìjíríà lọ sí Íńdíà, kí wọ́n lè lọ bá àwọn ọmọ ogun Japan kan náà jà ní Bọ́mà. Tí ẹ bá ti kọjá níwájú Arakan Barracks ní Apápá rí, Arakan yẹn, orúkọ ibì kan ní Bọ́mà ni.

Ó dáa. Inú musíọ̀mù ńkọ́? Àwọn tó ń bójú tó o mọ̀ pé tí ìlú bá ti ṣubú, ìkógun ló kàn. Onímọ̀ ewéko kan wà tó ń jẹ́ E. J. H. Corner, igbákejì ọ̀gá ọgbà ewéko, ọkùnrin tó ti kọ́ àwọn ọ̀bọ láti máa gun igi lọ já ewé àti òdòdó wá fún un. (Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀bọ. Ìtàn yẹn náà tó ètò kan lọ́tọ̀.) Corner gba ìwé lọ́wọ́ gómìnà Gẹ̀ẹ́sì, Shenton Thomas, ó lọ bá àwọn ará Japan, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jẹ́ kí musíọ̀mù, ilé ìkàwé àti ọgbà bàjẹ́. Ẹni tó bá pàdé ni Hidezo Tanakadate, ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkè tó ń yọ iná. Tanakadate gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjòyè ńlá kan láti Japan, Marquis Yoshichika Tokugawa, di olórí fún gbogbo rẹ̀.

Bí Corner, ọ̀gá rẹ̀ Holttum, àti Birtwistle tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ẹja ṣe ń bá iṣẹ́ lọ nìyẹn, lábẹ́ àwọn ọ̀tá. Àwọn òyìnbó yòókù wà ní àtìmọ́lé ní Changi, ebi ń pa wọ́n, àrùn ń pa wọ́n. Àwọn mẹ́ta yìí ń kó ìwé jọ láti inú àwọn ilé tí wọ́n ti fọ́, wọ́n ń tò ó sínú ilé ìkàwé. Lẹ́yìn ogun, àwọn kan pe Corner ní ọ̀dàlẹ̀. Òun náà kọ ìwé kan jáde ní 1981, The Marquis, tó fi sọ ẹnu tirẹ̀. Mi ò ní dá ẹjọ́ yẹn níbí. Ẹni tí ìbọn wà lọ́rùn ilé rẹ̀ nìkan ló mọ bó ṣe rí.

Yata Haneda wọlé wá sínú ilé yìí láti Japan. Wọ́n bí i ní 1907, kò tíì pé ogójì ọdún. Ohun kan ṣoṣo ló gbé lórí: ẹ̀dá tó ń tan iná. Kí ogun tó dé, ó ti lọ káàkiri àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì tó wà lábẹ́ Japan, ó ń kọ nípa olú tó ń tàn, ẹja tó ń tàn, kòkòrò tó ń tàn. Ẹ mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Irú ọ̀rẹ́ tó jẹ́ pé ibi yòówù tí ẹ bá jọ lọ, ohun kan náà ló máa rí níbẹ̀. Wọ́n fi í sídìí iṣẹ́ musíọ̀mù ní Syonan. Ó ń bójú tó àwọn ẹyẹ gbígbẹ àti àwọn dúrọ́ọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀, lálẹ́ ó sì ń jáde.

Ní 1943, ó rí i. Ibi tí wọ́n ní ó ti rí i ni orí koríko họ̀tẹ́ẹ̀lì Goodwood Park. Ilé yẹn ní ìtàn tirẹ̀: àwọn ará Jámánì tó ń gbé Singapore ló kọ́ ọ ní 1900 láti máa fi ṣe fàájì, ó di họ̀tẹ́ẹ̀lì ní 1929, nígbà ogun sì rèé, àwọn ọ̀gá ọmọ ogun Japan ló ń gbé ibẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: nínú ilé, àwọn ọ̀gágun ń jẹun. Níta, ọkùnrin kan wà lórí koríko nínú òkùnkùn, ó rí iná kékeré kan tó ń tàn, tó ń kú. Ìlú náà ní tanátaná, ẹlòmíì ì bá rò pé tanátaná ni, á sì máa lọ. Ìyẹn ni ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Tanátaná máa ń fò. Èyí ń wọ́ ni.

Kò sí nínú dúrọ́ọ̀ kankan. Kò sí nínú ìwé Gray. Kí ẹnì kan tó lè mọ̀, ìgbín ní láti wà láàyè, ilẹ̀ ní láti ṣú, ẹni náà sì ní láti jẹ́ ẹni tó ń wá iná, kì í ṣe ìkarahun.

Kí n wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí díẹ̀. Gbogbo ibi tí mo ti kà nípa ìgbín yìí, "Haneda ló ṣàwárí rẹ̀" ni wọ́n kọ. Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí mo ń lọ. Nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé Mungo Park ló ṣàwárí odò Ọya. Odò tí àwọn baba wa ti sọ lórúkọ òrìṣà, tí wọ́n ń wẹ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pa ẹja nínú rẹ̀! Ìgbín yìí ń gbé inú ọgbà àwọn èèyàn. Àwọn ará Malay wà níbẹ̀ ṣáájú Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Ṣáínà àti Támílì ń roko lórí ilẹ̀ yẹn, àwọn kan ló ń gé koríko họ̀tẹ́ẹ̀lì yẹn. Ẹnikẹ́ni ò lè mú mi gbà pé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ọmọ kan tó jáde lọ tọ̀ lóru tó rí iná kékeré nínú koríko. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyá ọmọ bẹ́ẹ̀ máa sọ? "Wọlé, jàre."

Síbẹ̀ mi ò ní gba ti Haneda lọ́wọ́ rẹ̀. Rírí jẹ́ ọ̀tọ̀. Ó mú ìgbín náà wọlé, ó wo ibi tí iná ti ń jáde lára rẹ̀, ó rí ẹ̀yà ara yẹn lábẹ́ ẹnu, ó wo ẹyin, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ wá fi pe ẹ̀yà ara náà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ìwé tó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1946, ní èdè Japan, nígbà tí ìlú tirẹ̀ náà ti di àlàpà.

Ohun tó le láti gbé mì ni àkókò náà. Àwọn tó gbé Haneda dé Singapore náà ló gbé ìbọn dé etíkun. Tí Japan ò bá kó ìlú yẹn, bóyá ìgbín náà ì bá ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú orúkọ tó ń sọ nípa ìlà. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan sọ ọ́ bí ìtàn dídùn: nínú òkùnkùn ogun, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan. Mi ò fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ìdílé tí bàbá wọn wọ ọkọ̀ akẹ́rù ní oṣù Kejì 1942, ìgbín kò tan iná fún wọn. Ìmọ́lẹ̀ gan-an kò sì mọ́ kúrò nínú ogun náà. Àwọn ọmọ ogun Japan ní kí àwọn èèyàn kó ẹ̀dá omi bíńtín kan jọ tí wọ́n ń pè ní umihotaru, ìyẹn tanátaná òkun. Wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́. Tí ọmọ ogun bá da omi díẹ̀ sí i ní àtẹ́lẹwọ́, á tún tàn. Ohun tí wọ́n fẹ́ lò ó fún ni láti máa ka máàpù lóru láìtan tọ́ọ̀ṣì tí ọ̀tá lè rí.

Tanátaná òkun yẹn kan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Osamu Shimomura, lò ní Nagoya lẹ́yìn ogun, nígbà tó kọ́kọ́ rí kẹ́míkà inú rẹ̀ yọ ní mímọ́ ní 1956. Iṣẹ́ yẹn ló ṣílẹ̀kùn Amẹ́ríkà fún un, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008 fún iṣẹ́ mìíràn lórí ẹ̀dá òkun tó ń tàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù bọ́ sí Nagasaki, kò sì jìnnà sí ibẹ̀.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 1945 ni Japan túúbá ní Singapore. Orúkọ Syonan-to kú. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà dé, wọ́n nílò ibi tí wọ́n ti máa gbẹ́jọ́ àwọn tó hùwà ọ̀daràn nígbà ogun. Ọ̀kan lára àwọn ibi tí wọ́n lò ni họ̀tẹ́ẹ̀lì Goodwood Park. Ẹ gbọ́ mi yé o: họ̀tẹ́ẹ̀lì kan náà. Àwọn ẹlẹ́rìí ń wọlé, àwọn sójà ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn tó ti ń pàṣẹ tẹ́lẹ̀ wá jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ìdájọ́. Lónìí, họ̀tẹ́ẹ̀lì olówó ńlá ni. Àwọn èèyàn ń lọ mu tíì níbẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n sì ń ra kéèkì tí wọ́n fi èso durian ṣe.

Haneda padà sí Japan, ó sì di ọ̀gá musíọ̀mù ìlú Yokosuka. Kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ iná bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1963 ó tún kọ̀wé lórí ìgbín Singapore. Lẹ́yìn náà, òun àti Frank Johnson, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, ṣe olóòtú ìwé ńlá kan lórí àwọn ẹ̀dá tó ń tàn, tó jáde ní 1966. Ọdún 1966, ẹ rò ó wò: Japan àti Amẹ́ríkà, lórí èèpo ìwé kan náà. Ó kú ní 1995.

Kí ni iná yẹn wà fún? Ní 1987, àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde lórí bí ìgbín náà ṣe ń ṣẹ́jú àti ohun tó ń mú kí iná rẹ̀ kú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé bó ṣe ń tàn so mọ́ ìrìn àti oúnjẹ, àti pé dídàgbà ló ń pa á. Tanátaná ń tan iná láti pe ìyàwó, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbín yìí yí i po: ìgbà tí kò tíì lè bímọ gan-an ló ń tàn jù. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kọ́. Àwọn kan rò pé àwọn ọmọ ìgbín ń fi pe ara wọn ni, kí wọ́n lè kó jọ síbi tí oúnjẹ tàbí ọ̀rinrin wà. Àwọn mìíràn rò pé ó ń kìlọ̀ fún ohun tó bá fẹ́ jẹ ẹ́. Mo fara mọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe torí pé mo mọ sáyẹ́ǹsì, torí pé mo rántí ara mi nínú oko kòkó yẹn, tí mo ń pariwo orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo ìgbà tí tọ́ọ̀ṣì bá jìnnà sí mi.

Ó wá di 2023. Ọgọ́rin ọdún géérégé lẹ́yìn Haneda, àwọn onímọ̀ láti Chulalongkorn University ní Thailand àti Chubu University ní Japan gbé ìwé jáde. Àwọn ìgbín kan wà ní Thailand tí wọ́n ń pè ní Phuphania, ẹbí ti Singapore. Àwọn náà ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀. Ìkarahun wọn ti wà nínú dúrọ́ọ̀. Àwọn onímọ̀ náà gbé wọn láàyè sínú yàrá, wọ́n pa iná, wọ́n dúró. Ẹ̀yà Phuphania mẹ́rin ló tàn, àti ìgbín mìíràn tó jẹ́ ọmọ ìyá ti Singapore gan-an, Quantula weinkauffiana. Iná ti Phuphania kì í ṣẹ́jú: àwọ̀ ewé ni, ó kàn tàn síbẹ̀ ni, kò kú.

Musíọ̀mù àtijọ́ ní Stamford Road ti di National Museum of Singapore. Àwọn ẹran gbígbẹ àti ìkarahun rẹ̀ ti kó lọ sí ilé tuntun nínú yunifásítì, tí wọ́n ṣí ní 2015, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń gbé wọn láti ibì kan sí ibòmíì. Ìgbín náà ṣì wà nínú páàkì. Àwọn ọmọ kéékèèké ní Singapore máa ń tẹ̀ lé àwọn tó mọ̀nà jáde lálẹ́ báyìí láti lọ wò ó. Wọ́n á kọ́kọ́ fi tọ́ọ̀ṣì wá ibi tó wà. Tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á pa á.

Ibí ni mo máa dúró sí lónìí. Tí ẹ bá ti rí ohun kan tó ń tàn nínú igbó tàbí nínú ọgbà yín rí tí ẹ ò mọ ohun tó jẹ́, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ẹ sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe rí. Ó dìgbà o.